Makaróní pẹ̀lú ẹ̀wà tó ki, tí kò lẹ́ran: ta ló mọ èyí tó ń tètè jinná?

Abike_Tanke (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ gbà mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Ìlọrin, ọ̀dọ̀ mi ní Tánkẹ̀ níbí ló ń gbé. Ọmọ dáadáa ni. Ó ń fọ abọ́, ó ń gbálẹ̀, kò lẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Ìṣòro ẹyọ kan ló wà níbẹ̀: kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, edé pàápàá, tó bá ti gbóòórùn rẹ̀ nínú ọbẹ̀, oúnjẹ tán nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́, àìsàn kọ́. Àgbò kan tó máa ń fún ní koríko nílé wọn ní Ìlọfà ni wọ́n pa lọ́dún Iléyá kan, àtìgbà náà lẹnu rẹ̀ ti kọ ẹran. Mílíìkì ń wọlé, wàrà ń wọlé, ẹyin náà ń wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rí i dá: ìrẹsì àti ata dídín, dòdò àti ẹyin. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọgbọ́n tán. Aago márùn-ún ni mo ń kúrò níbi iṣẹ́ ní Challenge, ọkọ̀ á tún há mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, kí n tó délé, ó ti kọjá mẹ́fà àbọ̀. Ebi á ti máa pa gbogbo ilé.

Mo wá rí òyìnbó kan lórí fóònù tó se makaróní mọ́ ẹ̀wà. Ó da nǹkan funfun kan lé e, ọbẹ̀ náà ki, ó ń dán, ó lẹ̀ mọ́ makaróní bí ìgbà tí wọ́n fi ìpara ra á. Mo wá nǹkan funfun yẹn dé ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Ike kékeré báyìí! Nígbà tí wọ́n dárúkọ iye rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dá a padà sórí pẹpẹ, kó má lọ já bọ́ kí wọ́n ní kí n sanwó.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé: báwo ni ọbẹ̀ ẹlẹ́wà ṣe lè ki bẹ́ẹ̀ láìra nǹkan yẹn, kó má sì ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ?

Omo_Offa_Mojo

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ẹ̀wà àti dòdò, mo gbọ́. Ẹ̀wà àti gààrí, mo gbọ́. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì, ìyẹn gan-an ni mo jẹ láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n makaróní táwọn ọmọdé ń jẹ níbi ìkómọjáde lẹ fẹ́ bá ẹ̀wà dá ọ̀rẹ́? Ẹ̀wà ò ní bínú báyìí?

Alhaja_Pakata

Omo Offa, ìwọ tó o fi ànàmọ́ jẹun àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, ìwọ náà lò ń bá makaróní jà.

Àbíkẹ́ ọmọ mi, má dá a lóhùn. Àwọn ará Ìtálì tó ni makaróní, wọ́n ń sè é mọ́ ẹ̀wà, ó ti pẹ́. Oúnjẹ tálákà ni lọ́dọ̀ wọn, pasta e fagioli ni wọ́n ń pè é. Ọmọ mi obìnrin tó ṣe iṣẹ́ ilé fún wọn níbẹ̀ nígbà kan ló sọ fún mi. Ó ní àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ kì í da nǹkan funfun kankan sí i. Wọ́n á bu ẹ̀wà díẹ̀ nínú ìkòkò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fọ́, wọ́n á dà á padà. Ó ki nìyẹn.

Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, mo ní, ṣé gbẹ̀gìrì kọ́ lò ń ròyìn rẹ̀ fún mi yìí? Ẹ̀wà tó ki, tó ń dán, tó ń rọ̀ mọ́ ọkà lára, kí lẹ tún ń wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù? Bó ẹ̀wà, sè é títí yóò fi rọ̀, fi ìjábẹ̀ já a, da makaróní rẹ sí i. Yọ ẹja kúrò nínú rẹ̀ nítorí ọmọ yẹn. Mo ti parí.

Kayus_GaaAkanbi

Alhaja, ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n aago ńkọ́? Ẹ̀wà tí mo rà lọ́jà Ìpàta lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e kaná kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Mo wo ìdajì àkọ́kọ́, mo wo ìdajì kejì, mo ṣí ìkòkò, ó ṣì ń wò mí lójú kòròkòrò. Àpọ́n ni mí, mi ò lówó gáàsì tí màá fi ṣòfò. Kánún ni kí Àǹtí jù sí i, wéré ló máa rọ̀.

Noosi_OmuAran

Kayus, ẹ rọra. Kánún ń mú ẹ̀wà rọ̀ lóòótọ́, mi ò ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ó máa ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́. Ọmọ tí kò jẹ ẹran, tí ẹ̀wà sì ni gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀, ẹ fẹ́ tún gba tọwọ́ rẹ̀? Tí kánún bá sì fi díẹ̀ pọ̀ jù, ẹ̀wà á máa yọ̀ lẹ́nu bí ọṣẹ.

Èyí tó ń wò yín lójú yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ ní àká, àbí kẹ́ ẹ ti tètè da ata àti tòmátì sí i. Ẹ̀wà kì í fẹ́ kíkan kó tó rọ̀. Ẹ jẹ́ kó jinná tán ná.

Àǹtí Àbíkẹ́, nípa ti ọmọ yẹn: ìdàpọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí bá ara mu gan-an. Àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe makaróní, èròjà amáradàgbà kan tó ń jẹ́ lysine kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀wà ní i lọ́pọ̀. Ohun tí ọ̀kan ò ní, èkejì gbé e dání. Ẹyọ kan ló kù tí àwọn méjèèjì ò ní, fítámì B12. Wàrà, mílíìkì àti ẹyin ni yóò ti rí i, ẹ má jẹ́ kó fi wọ́n sílẹ̀.

Kayus_GaaAkanbi

Tòmátì ni. Èmi ni mo dà á sí i. Ẹ má sọ fún ẹnì kankan.

Ebun_Igbomina

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ń ṣe é ní Òró níbí, torí èmi náà, olùkọ́ ni mí, mi ò ní àyè àárín ọ̀sẹ̀.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ bó ẹ̀wà lẹ́yìn iṣẹ́, orun ló máa gbé e lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Lọ́jọ́ Sátidé, màá gbé ẹ̀wà kóńgò kan lọ sílé ẹ̀rọ. Màá dúró ti ọmọkùnrin tó ń lọ ata níbẹ̀, màá ní: "Fọ́ ọ ni o, má lọ̀ ọ́." Tẹ́ ò bá dúró tì í, ìyẹ̀fun mọ́ínmọ́ín lẹ máa gbé relé. Ó máa tú ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ẹ̀wà á kàn là sí méjì sí mẹ́ta, èèpo á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Màá fẹ́ ẹ, màá dà á sínú ike tó ní ọmọrí tó dé dáadáa. Ní gbígbẹ báyìí ni màá tọ́jú rẹ̀. Mi ò fi sí fìríìjì, torí ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá fẹ́ sè é, màá bu omi lé èyí tó tó mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èèpo tó kù á ti léfòó, màá dà á nù. Ẹ̀wà tí kò léèpo, tó tún ti fọ́, kò ṣòro fún iná. Ogún ìṣẹ́jú, tó bá pẹ́ jù, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ẹ má dán an wò pẹ̀lú òtílí o. Mo fẹ́ràn òtílí ju ẹ̀wà lọ, ìyá mi fi tọ́ wa ni, ṣùgbọ́n òtílí kì í ṣe oúnjẹ ẹni tó ń kánjú. Ọjọ́ Àìkú ni ti òtílí, kẹ́ ẹ gbé e kaná kẹ́ ẹ tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ara_Ilorin_Toronto

Ẹ̀yin èèyàn Àfọ̀njá, ẹ kú ilé o. Èmi ń ka èyí níbi iṣẹ́, itọ́ ń dà lẹ́nu mi.

Níbí, ẹ̀wà inú agolo ni mo ń lò, chickpeas, èyí táwọn Lárúbáwá fi ń ṣe hummus. Ó ti jinná látinú agolo. Màá tẹ ìdajì rẹ̀ fọ́, màá fi ìdajì sílẹ̀ lódidi kí eyín lè rí nǹkan ṣe. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí Àǹtí má da omi makaróní nù. Omi yẹn tó ń ṣe funfun bí omi ògì, sítáàṣì ara makaróní ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń so òróró àti ẹ̀wà pọ̀ tí ọbẹ̀ fi ń dán. Kí omi náà má sì pọ̀ jù nígbà tẹ́ ẹ bá ń sè é, kó lè nípọn. Kọ́ọ̀bù kan lẹ máa bù sápá kan kẹ́ ẹ tó sẹ́ makaróní.

Ẹ kíyè sí èyí náà nítorí ọmọ yẹn, bó bá dé ọ̀dọ̀ òyìnbó lọ́jọ́ kan. Wàrà líle tí wọ́n ń rẹ́ lé makaróní lórí, Parmesan ti Ìtálì gan-an, ohun tí wọ́n mú nínú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n fi ń mú mílíìkì rẹ̀ dì. Àwọn tí kì í jẹ ẹran rárá kì í fẹnu kàn án.

Omo_Offa_Mojo

Ikùn ọmọ màlúù? Wàrà tiwa ńkọ́? Ẹ má bà mí láyọ̀ jẹ́ o.

Alhaja_Pakata

Wàrà tiwa kò lẹ́jọ́. Ewé ni. Bọmubọmu làwọn obìnrin Fúlàní fi ń ṣe é. Wọ́n á gbé mílíìkì kaná, wọ́n á fún omi ewé àti igi bọmubọmu sí i, mílíìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, omi rẹ̀ á ya sọ́tọ̀. Wọ́n á wá kó o sínú ajọ̀ kékeré kí omi ro dànù, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ojú ajọ̀ fi máa ń wà lára wàrà. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ ń pè ní Gáà èyí, Gáà ìyẹn káàkiri Ìlọrin yìí, ibùdó Fúlàní ni gáà. Kayus tó ń gbé Gáà Àkànbí, orí ilẹ̀ wàrà ló ń sùn, kánún ló sì ń wá kiri.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o mọ̀, Àbíkẹ́. Wàrà yìí kì í yọ́. Gbé e sínú òróró, yóò pọ́n, kò ní yọ́. Gbé e sínú ọbẹ̀ gbígbóná, kò ní yọ́. Tó o bá ń dúró kó fà bíi ti orí fóònù, wàá dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bó o bá fẹ́ kó wọnú ọbẹ̀, fọwọ́ rún un wẹ́wẹ́, rún un gan-an, kó tó kan ìkòkò. Kó o sì bọ̀ ọ́ lómi iyọ̀ tó hó dáadáa kó o tó lò ó, torí a ò mọ bó ti pẹ́ tó nínú igbá.

Ebun_Igbomina

Wàrà sóyà náà ń ṣe é, Alhaja. Omi ògì kíkan tàbí álọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń mú un dì, kò sì ní mílíìkì nínú rárá, fún ẹni tí mílíìkì bá ń rú nínú.

Alhaja_Pakata

Ó ń ṣe é. Mo kàn fẹ́ràn tèmi.

Abike_Tanke (Ọjọ́rú, 10:15 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dán an wò lónìí, ojú sì tì mí.

Mi ò tíì ráyè dé ilé ẹ̀rọ, ni mo bá ní kí n lo ẹ̀wà olóyin tó kù nílẹ̀ láti àná, èyí tó ti jinná. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Mo dà á sínú bléńdà, mo tẹ bọ́tìnnì, ó ní "gíìì" lẹ́ẹ̀kan, iná lọ. Ẹ̀wà ò lọ̀, kò sì wà lódidi mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìdí kọ́ọ̀bù nínú òkùnkùn, tọ́ọ̀ṣì fóònù lẹ́nu.

Mo din ata àti tòmátì, mo da ẹ̀wà sí i, kò ki tó bí mo ṣe fẹ́. Ni mo bá rántí mílíìkì agolo. Mo já a, mo dà á sí i bó ṣe ń hó yẹn. Kí n tó wí pé kí lèyí, ó ti ya! Funfun wẹ́wẹ́ ń léfòó káàkiri bí ìgbà tí èèyàn tutọ́ ògì sínú ọbẹ̀ ata. Ọmọ yẹn jẹ ẹ́. Ó ní, "Ó dùn, mà." Ó mu omi kọ́ọ̀bù mẹ́ta lé e.

Kí ló ṣe mí?

Noosi_OmuAran

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Tòmátì ló ṣe yín. Kíkan rẹ̀ àti ooru tó pọ̀ pa pọ̀ ló ya mílíìkì, iṣẹ́ tí bọmubọmu ń ṣe fún àwọn obìnrin gáà náà lẹ ṣe láìmọ̀. Ẹ ṣe wàrà sínú ọbẹ̀ ni.

Tẹ́ ẹ bá máa lo mílíìkì, ẹ yọ tòmátì kúrò, ẹ lo tàtàṣé àti àlùbọ́sà. Ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó dà á. Ṣùgbọ́n ní tòótọ́, ẹ ò nílò rẹ̀, bí Alhaja ti sọ.

Alhaja_Pakata

Mo sọ ìjábẹ̀, o gbé bléńdà. NEPA ló dá wa lẹ́jọ́.

Kayus_GaaAkanbi

Àǹtí, ẹ má bínú, mo ń rẹ́rìn-ín tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu yẹn láti àárọ̀.

Omo_Offa_Mojo

Mo ní ìbéèrè gidi lónìí. Bí kò bá sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí edé, kí ló máa dùn níbẹ̀? Màgí ẹlẹ́yẹ náà ńkọ́, ṣé ọmọ yẹn ń jẹ ẹ́?

Ebun_Igbomina

Irú ni, Bọ̀dá. Irú pẹ̀tẹ̀, èyí tó rọ̀. Ẹ jẹ́ kó dín díẹ̀ nínú òróró pẹ̀lú àlùbọ́sà kí nǹkan mìíràn tó wọlé. Ọmọ Ìlọfà ni ọmọ yẹn, kò ní sá fún òórùn irú. Ohun tí edé ń ṣe nínú ọbẹ̀, irú ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ hóró inú èso igi lásán ni. Ní ti màgí, ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀, àwọn kan ní adìyẹ nínú, àwọn kan ò ní.

Ẹ̀fìnrìn náà wà ńbẹ̀. Ewé táwọn ará Ìtálì ń já sí makaróní, basil, ìdílé kan náà ló ti wá pẹ̀lú ẹ̀fìnrìn wa. Tiwa le lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewé mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó. Ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá ti pa iná ni kẹ́ ẹ rẹ́ ẹ sí i.

Omo_Offa_Mojo

Irú nínú makaróní. Mo ti rí nǹkan.

Abike_Tanke (Ọjọ́ Ajé, 8:50 alẹ́)

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n ròyìn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé ẹ̀wà lọ sílé ẹ̀rọ. Mo dúró ti ọmọkùnrin náà bí Àǹtí Ẹbùn ti wí, ó wojú mi bí ẹni pé mo wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lónìí, mo wọlé ní méje ku ogún. Mo bu ẹ̀wà agolo mílíìkì méjì sínú omi, mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo kírun. Nígbà tí mo padà dé, èèpo ti bo ojú omi. Mo fọwọ́ méjèèjì ra á díẹ̀, mo dà á nù lẹ́ẹ̀mẹta, ó kù funfun nini. Mo gbé e kaná pẹ̀lú ìdajì àlùbọ́sà, omi fi bí ìka méjì ga jù ú lọ. Mo dé e. Ìfófòó rẹ̀ ń dìde, mo ń fi ṣíbí ré e dànù, ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan nìyẹn.

Ojú gáàsì kejì, makaróní ìdajì ọ̀rá, omi díẹ̀, iyọ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì le díẹ̀ láàárín, mo bu kọ́ọ̀bù kan nínú omi rẹ̀ pamọ́.

Nígbà tí ẹ̀wà fi máa di ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀, mo mú hóró kan, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ láìjanpata. Mo wá rántí ìjábẹ̀ ìyá ọkọ mi tó ti ń so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, tí mo fi ń lé eku nígbà kan (mo fọ̀ ọ́ o, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má dá mi lẹ́jọ́). Mo tẹ ìkòkò sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀, mo ń já a lọ sókè sódò. Lákọ̀ọ́kọ́, omi ń ta sí mi lápá, ìró rẹ̀ ń dún bí ẹni ń fọ aṣọ. Bí mo ṣe ń já a lọ, ìró yẹn ń wúwo. Ó kúrò ní "ṣàrà ṣàrà", ó di "pọ̀tọ̀ pọ̀tọ̀". Mo gbé ìjábẹ̀ sókè, ọbẹ̀ ń ro láti ara rẹ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, kò já. Ìṣẹ́jú mélòó? Mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Iná wà ní gbogbo àsìkò yẹn, tí ẹ bá gbà mí gbọ́. Mi ò fọwọ́ kan bléńdà.

Èyí tó kù kò gba àkókò. Òróró ṣíbí mẹ́ta, àlùbọ́sà, ọmọ áyù mẹ́ta tí mo gé wẹ́wẹ́, irú pẹ̀tẹ̀ ṣíbí kan, tàtàṣé kan, rodo méjì. Mo da ẹ̀wà sí i, mo da omi makaróní sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dán, mo da makaróní lé e. Wàrà méjì: mo rún ọ̀kan sínú rẹ̀ títí mi ò fi rí i mọ́, mo gé èkejì, mo dín in kó pọ́n, mo fi lé e lórí. Tẹ̀tẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ̀fìnrìn ewé mẹ́rin.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n la jókòó jẹun. Ẹ ní ó ju ọgbọ̀n lọ? Ó jù ú lọ. Ẹ yọ ìrun kúrò, ẹ tún un kà.

Ọmọ yẹn kò sọ pé "Ó dùn, mà." Kò sọ nǹkan kan. Ó bù lẹ́ẹ̀kejì.

Alhaja_Pakata

Bàrékà ọmọ mi. Ìjábẹ̀ tó o fi lé eku, jọ̀ọ́, ra òmíràn. Kò wọ́n.

Ara_Ilorin_Toronto

Èmi ò ní ìjábẹ̀ níbí. Ta ló ń bọ̀ ní Kánádà?

Noosi_OmuAran

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹni tó bá máa fi ẹ̀wà pupa ńlá tó dà bíi kíndìnrín rọ́pò ẹ̀wà wa, kó rẹ ẹ́ mọ́jú, kó da omi náà nù, kó sì jẹ́ kó hó ṣáṣá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kéré tán, kó tó dín iná kù. Oró wà nínú rẹ̀ tí kò bá jinná, yóò da inú rú, yóò sì mú èèyàn bì. Ẹ̀wà olóyin àti ẹ̀wà funfun kò ní wàhálà yẹn.

Kayus_GaaAkanbi (Ọjọ́bọ̀, 7:05 àárọ̀)

Mo sè é lánàá. Kò sí kánún, kò sí tòmátì. Ìyà tó jẹ mí ni pé mo tọ́jú ìyókù di àárọ̀ yìí, ó ti dì gbagidi, ṣíbí dúró ṣánṣán nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ebun_Igbomina

Kò bàjẹ́, tó bá jẹ́ inú fìríìjì tó tutù ló sùn. Makaróní ló mu gbogbo omi ọbẹ̀ mọ́jú. Ẹ bu omi gbígbóná sí i, díẹ̀díẹ̀, lórí iná kékeré, ẹ máa rò ó. Á tú. Tó bá jẹ́ orí tábìlì ló sùn nínú ooru Ìlọrin yìí, ẹ dà á nù. Lọ́jọ́ mìíràn, tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé yóò ṣẹ́kù, ẹ tọ́jú ẹ̀wà lọ́tọ̀, ẹ se makaróní ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa jẹ.

Kayus_GaaAkanbi

Inú fìríìjì ni. Iná wà títí di aago márùn-ún. Ẹ ṣé, Àǹtí.

Omo_Offa_Mojo

Ẹ̀yin àgbà, èmi náà ti sè é o. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí: ẹ̀wà fífọ́, ìjábẹ̀, irú, wàrà tí mo rún. Mi ò ní purọ́, ó wọ mí lára. Ìyàwó mi ní ṣé èmi ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo yí padà. Kò sí makaróní nílé, ni mo bá se ànàmọ́ sí i.

Alhaja_Pakata

Mo mọ̀.